Ọ̀pẹ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí Adelé Gómìnà Fún Ìyá

Òórùn ilẹ̀ tútù inú ọ̀rá dúdú ló kọ́kọ́ máa ń padà sọ́dọ̀ mi tí mo bá rántí ọdún yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kó àwọn ọmọ ọ̀pẹ náà wá sí Ìyànà Ọfà láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. A tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ kọrin, èmi sì dúró tì wọ́n, mo dé fìlà tó ní àwòrán gómìnà, bírò wà létí mi, ìwé ńlá wà lápá mi. Mo ti kúrò níléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀, mo sì ti jókòó sílé fún ọdún méjì láìríṣẹ́, kí ìjọba tó gbà mí pé kí n máa kọ orúkọ àwọn obìnrin àgbẹ̀ ní agbègbè Lágelú. Iṣẹ́ oṣù díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn láàárín èrò lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé èmi gan-an nìjọba. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi rò pé fìlà yẹn nìkan ti tó.

Obìnrin ni gómìnà wa nígbà náà, tàbí ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí, adelé gómìnà ni. Ẹ̀bá títì ní Ọ̀nà-Àrà ni ìyá rẹ̀ ti ta epo pupa títí tó fi rán an níwèé. Ó ṣe tíṣà, ó di ọ̀gá iléèwé, ó di kọmíṣọ́nnà, kó tó wá di igbákejì gómìnà. Ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ igbákejì, rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fún un gé. Ibi tí gómìnà ò bá ráyè lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán an. Àfi ìgbà tí àìsàn gbé gómìnà dè, tí wọ́n gbé e lọ sókè òkun, tí òfin sì ní kí igbákejì delé dè é. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, a ò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́ sí gbogbo ọjà, kí àwọn obìnrin yé sá wọgbó. Ó ní ọ̀gá iléèwé tó bá lé ọmọ sílé nítorí pé kò ní bàtà, kí ọ̀gá náà bọ́ bàtà tirẹ̀ fún un. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àwọn obìnrin abúlé wa á pa iná ọbẹ̀ wọn, wọ́n á wá jókòó. Àwọn ọkùnrin náà ń gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Kó rọra o. Ilé onílé ló ń bá wọn gbá."

Nígbà tó yá ló gbé ètò ọ̀pẹ dé. Ó ní obìnrin àgbẹ̀ ń gbin ohun tí yóò jẹ lọ́dún yìí, kò sì ní nǹkan kan tí yóò jẹ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀. Nítorí náà, obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ń dáko yóò gba ọmọ ọ̀pẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irú èyí tí à ń pè ní ọ̀pẹ àgíríìkì, tí kì í ga púpọ̀ kó tó so. Ó sọ pé epo ni ìyá òun fi tọ́ òun, ṣùgbọ́n ẹyìn ọ̀pẹ ọlọ́pẹ ni ìyá òun ń rà fi ṣe epo náà títí wọ́n fi kú. Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀ níbẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ, n kò tijú láti sọ ọ́.

Ohun tó pa mí lẹ́kún ni pé ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ Ìyá ló ń sọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni obìnrin tí mò ń pè ní Ìyá. Wọn kò bímọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú, Ìyá yìí ló sì tọ́ mi dàgbà. Ọkọ wọn kú nígbà tí mo wà ní girama, ẹbí sì ní kí wọ́n máa dáko lọ lẹ́yìn odò, lórí ilẹ̀ tí ọkọ wọn ń dá. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni Ìyá ń gbìn níbẹ̀. Gàrí wọn funfun, kì í kan jù, àwọn oníbàárà wọn lọ́jà Ṣáṣá a sì máa dúró dè wọ́n. Gàrí yẹn ló rán mi níwèé. Oko yẹn nìkan ni Ìyá gbójú lé láyé, kì í sì í ṣe tiwọn: ẹbí kàn yá wọn ni.

Ẹni tí wọ́n bí sábúlé wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní òfin ilẹ̀. Ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ àjèjì tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ opó tó wà nílé ọkọ, ohun tó bá gbìn tó sì ká kúrò nìkan ni tirẹ̀. Kì í gbin igi. Kì í gbin kòkó, kì í gbin obì, kì í gbin ọ̀pẹ. Àgbàdo á kúrò, ilẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà. Igi ní tirẹ̀ a máa dúró, ẹni tó bá sì gbìn ín ti sọ láìlanu pé ilẹ̀ ọ̀hún ti di tòun. Mo mọ èyí kí n tó mọ a, b, d. Ṣùgbọ́n mo ti kàwé, mo ti dé fìlà ìjọba, ó wá dà bí ẹni pé òfin náà ti lọ sinmi nítorí mi.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa ní ibì kan tó béèrè pé ta ló ni ilẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ẹbí ọkọ ni mo kọ síbẹ̀, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà láti ìgboro. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa, ẹni tí kò kọ ebè kan rí láyé rẹ̀, ní obìnrin tó ń dáko ni kí n kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní sí ọ̀pẹ. Mo bá kọ orúkọ Ìyá sí àyè onílẹ̀. Ìyá kò mọ̀wé. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò wọn síbi tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n nu tàdáwà náà mọ́ ìró wọn, wọ́n ní, "Ṣé àwọn bàbá ẹ mọ̀ sí i?"

Mo ní, "Ìyá, ìjọba mà ni."

Títí dòní, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé wọ́n bi mí.

Ìyá gbin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà bí mo ṣe ní kí wọ́n gbìn ín, wọ́n sì fi àlòkù páànù yí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká nítorí ọ̀yà. Kò ju oṣù méjì lọ tí káńsù fi lẹ orúkọ àwọn tó gba ọ̀pẹ mọ́ ara ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa débẹ̀, ó ka orúkọ Ìyá, ó sì ka ohun tí mo kọ síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹbí pè wá sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré wa. Àbúrò ọkọ Ìyá ni olórí ẹbí, àwọn ló sì sọ̀rọ̀. Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Ìyàwó, àgbàdo tó o gbìn lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

Ìyá ní, "Mo ti jẹ ẹ́, Bàbá."

"Ọ̀pẹ yìí ńkọ́? Ìgbà wo lo máa jẹ ẹ́ tán?"

Ìyá wolẹ̀. Mo dìde, mo ní èmi ni mo kọ ọ́, pé ìwé lásán ni, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ní kí n jókòó, wọn kò sì wo ojú mi. Olórí ẹbí ní àwọn ti mọ̀ pé èmi ni.

"Ìwọ lo kàwé nínú wa," wọ́n ní. "Àwọn tó ń gba ilẹ̀ káàkiri ibí yìí, ṣebí ìwé lásán ló kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn náà?"

Òótọ́ ni pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti ń ti Ìbàdàn wá, wọ́n ń ri òpó símẹ́ńtì kéékèèké mọ́lẹ̀. Lábúlé kan nítòsí wa, ọjọ́ tí katapílà dé ni ẹbí kan tó mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn ti lọ. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn àgbà wa, èmi ọmọ wọn sì ni mo fọwọ́ ara mi kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sínú ìwé ìjọba. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹbí hú àwọn ọ̀pẹ náà. Olórí ẹbí ní kò sẹ́ni tó lé Ìyá kúrò nílé, àmọ́ tí wọ́n bá ti wa ẹ̀gẹ́ wọn tán, kí wọ́n má gbin nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn odò. Èmi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Obìnrin tí kò lọ́mọ, tí kò sì lóko, ọwọ́ ta ni yóò máa wò?

Ó ku díẹ̀ kí òjò dáwọ́ dúró ni Adelé Gómìnà wá wo oko àwọn obìnrin ní abúlé kejì sí tiwa. Mo dé fìlà mi, mo la àárín àwọn ọlọ́pàá kọjá, mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un tán. Ó gbọ́ mi. N kò ní gbàgbé pé ó gbọ́ mi, ó tilẹ̀ ní kí àwọn oníròyìn pa ẹ̀rọ wọn.

"Ta ló kọ ọ́ pé ìyá yẹn ló ni ilẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló fi ìbéèrè yẹn sínú fọ́ọ̀mù?"

Ó bojú wo àwọn tó tẹ̀lé e, wọ́n ń wo ara wọn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní abúlé ni wọ́n bí òun náà sí, òun náà mọ̀ pé opó kì í gbin igi sórí ilẹ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ náà kàn fo òun ni. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà sí káńsù kí wọ́n tún ìwé náà kọ, kó hàn pé ẹbí ló ni ilẹ̀, obìnrin ló ni igi. Lẹ́yìn náà, òun fúnra òun yóò wá bá àwọn olórí ẹbí jókòó. "Sọ fún ìyá ẹ kí wọ́n fún mi ní oṣù kan péré."

Mo sáré délé lọ sọ fún Ìyá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wa ẹ̀gẹ́ wọn bí ẹni tó ń bu omi àmù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ebè méjì lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Olórí ẹbí ní kí wọ́n wa ẹ̀gẹ́ tán ni, wọn kò dá ọjọ́. Ẹ̀gẹ́ náà ń gbó, ó ń le bí igi, gàrí rẹ̀ kò dáa mọ́, síbẹ̀ Ìyá ń dá ebè sí, èmi náà sì ń lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ pé mélòó ló kù. Lẹ́yìn náà a ó tan rédíò.

Rédíò náà ló sọ ọ́. Ara gómìnà ti yá, ó ti dé, àwọn èèyàn ti lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú ní Alákíà. Gómìnà dúpẹ́ lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀ pé ó bá òun delé dáadáa. Kí oṣù náà tó parí, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀pẹ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí káńsù nítorí lẹ́tà wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kò tíì dé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó dé, àmọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i kò láṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò ṣílẹ̀kùn fún mi, pẹ̀lú fìlà lórí mi. Mo lọ wá igbákejì gómìnà fúnra rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ gé rìbọ́ọ̀nù níbì kan. Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta.

Ìyá ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo dé sọ fún wọn. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àgbàdo ni wọ́n jẹ́ kí obìnrin yẹn náà gbìn," wọ́n ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyá jọ wa gbogbo ẹ̀gẹ́ tó kù. Ọjọ́ kan ṣoṣo la fi wà á tán. Nígbà tí a parí, Ìyá ṣa páànù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà jọ síbì kan, wọ́n ní kí n gbé wọn fún olórí ẹbí, wọ́n á rí i lò. Mo gbé e lọ. Olórí ẹbí gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá ń gbé báyìí, ní yàrá àti pálọ̀ tí mo háyà ní Alákíà, níbi tí mo ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Bàálù ń kọjá lórí wa, Ìyá kì í gbójú sókè wò ó mọ́. Olórí ẹbí ti kú. Àwọn ọmọ wọn ti ta ẹ̀yìn odò, wọ́n sì fọwọ́ síwèé rẹ̀ dáadáa. Adelé Gómìnà ìjọ́sí ti fẹ̀yìn tì. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pè é síbi tí wọ́n ti ń ṣí nǹkan, n kì í sì í lè bínú sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe.

Onílé wa gbà kí Ìyá máa gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé. Tẹ̀tẹ̀ àti ilá ni wọ́n ń gbìn. Nígbà òjò èṣí, mo rí àwọn tó ń ta ọmọ igi lẹ́bàá títì, mo sì ra ọ̀pẹ kan nínú ọ̀rá dúdú, irú tìjọ́sí gan-an. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Ó dáa. Má gbìn ín o." N kò gbìn ín. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni mo gbé e sí, à ń bomi rin ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onílé ní òun ń bọ̀ wá wo ilé lópin oṣù, mo bá ní kí n gbé ọ̀pẹ náà pamọ́. Mo fà á, kò mì. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lu ọ̀rá náà já, ó ti wọlẹ̀ lọ. Mo pe Ìyá. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde wá, wọ́n sì wò ó pẹ́.

"Èmi kọ́ ni mo gbìn ín o," wọ́n ní.

Mo ní èmi náà kọ́. Àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò lọ mú un, Ìyá náà kò ní kí n lọ mú un. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù parí, n kò sì tíì mọ ohun tí n ó sọ fún onílé.