Títílọlá Oníka Mẹ́sàn-án

Mo ní àlọ́ o. Ẹ dáhùn kó ròkè: àlọ̀. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ẹkùn. Ó bà lé ọwọ́ Títílọlá, ayálégbé wa tí ẹ̀ ń pè ní Màmá Ìníolúwa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló jẹ ìka rẹ̀ kan. Ẹ sún mọ́ mi.

Ìkìrun ló ti wá. Ọkọ rẹ̀ kú, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Sàngó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi sí. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé wọ́n fi ẹ̀rọ kan lé e lọ́wọ́. Ẹni méjì níí dúró ti ẹ̀rọ ọ̀hún: ọ̀kan ń fi ọ̀rá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, èkejì ń ká a nídìí.

Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ níbẹ̀ ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, wọ́n á pa ajá fún Ògún, olúkúlùkù á ti ọwọ́ bọ ẹ̀jẹ̀, á fi kan irin ẹ̀rọ tirẹ̀. Bàbá Ayọ̀rìndé, àgbà wọn, ló ń gbé abọ́ kiri. Ó gbé e dé iwájú Títílọlá.

"Ìyàwó, tètè fọwọ́ kàn án, kí á lọ jẹun."

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa."

"Ṣé a ní kí o má gbà á ni? Fi ọ̀tún gba tibẹ̀, fi òsì ṣe tibí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Títílọlá ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ló ni méjèèjì, sà."

Ẹ̀rín dá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a dúró nídìí ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n ní irin tí kò tọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá wò, tèèyàn ló ń wá. Olúkẹ́mi tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà sọ fún un pé, "Ní kí Jésù rẹ wá bá ẹ ká ọ̀rá." Ọ̀gá ní tí iṣẹ́ bá ti ń jáde, kò kan òun. Títílọlá nìkan á fi ọ̀rá bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, á sáré yípo lọ sídìí, á tún sáré padà. Kó tó délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú bí iṣu.

Lọ́sẹ̀ keje, níbi tó ti ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Abẹ ẹ̀rọ gé ìka kan jù sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ayọ̀kúnnúmi, ó sunkún. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan ní ilé ìwòsàn. Èmi tí mo ti ń lọ sí sọ́ọ̀ṣì kí n tó bí ìyá yín, mo ní, "Ọmọ mi, lọ fọwọ́ kan nǹkan wọn. Ọlọ́run mọ ọkàn."

Ó wò mí. "Màmá, mi ò sọ fún wọn pé irin ò ní gé mi. Mo sọ pé irin kọ́ ni Ọlọ́run mi. Ó ti gé mi báyìí, ṣé ó ti wá di Ọlọ́run ni?"

Mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí egbò jinná, ó padà sídìí ẹ̀rọ náà. Ọdún yípo, wọ́n pa ajá. Olúkẹ́mi ló sọ èyí fún mi, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó ní gbogbo àwọn gbà pé ìrora á ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Bàbá gbé abọ́ dé, Títílọlá na ọwọ́ oníka mẹ́rin jáde.

"Èyí tó kù náà, ti Olúwa ni, sà."

Eṣinṣin ń kùn lórí abọ́. Bàbá wo ọwọ́ náà títí, ó wá gbé abọ́ kọjá jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọjá níwájú ọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Títílọlá bá a nídìí ẹ̀rọ.

"Fi ọ̀rá sí i. Èmi á máa ká a."

"Ẹ̀rù ò bà yín ni, sà?"

"Ó ń bà mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń bọ irin, ọkàn mi ò balẹ̀ bí tìẹ lọ́jọ́ kan rí. Mo fẹ́ sún mọ́ ohun tó di ìwọ mú."

Bàbá ló ṣì ń bá a ká a títí dòní. Bóyá ó ti ń lọ sí sọ́ọ̀ṣì, mi ò bi í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Títílọlá bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, tó fi ọwọ́ yẹn kan ilẹ̀, á máa ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀ fún òun náà, èmi àgbàlagbà.

Àlọ́ mi ti balẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ tẹ́ ẹní yín. Ẹ rọra rìn kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti sùn. Iṣẹ́ ń dúró dè é lọ́la. Ó yá, ẹ lọ sùn.