Omi Obì Ìyá Ọ̀kà

Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ọ̀kà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀kà, yọ fùláàsì omi obì àti atalẹ̀ rẹ̀ jáde. Kì í mu ún láì sọ pé, "Bísímílà. Ara mi ò ní dógùn-ún."

Ó gbọ́ lórí rédíò pé èròjà inú obì ń dáàbò bo ara kó má baà dógùn-ún bí irin, ló bá pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà fún bàbá mi ló ń bà mí lẹ́rù.

"Ẹ dákun, ẹ má mu ún kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ yín."

"Àní kí ẹ̀rọ wọn rí iṣẹ́ rẹ̀!"

Ó mu ún. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n.

"Màmá, obì tó ń lé oorun lọ lè ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ má mu ún lọ́la, kí ẹ padà wá."

Nígbà tí à ń padà, mo ní lóòótọ́ ni èròjà náà wà nínú obì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rí pé ó lè rọ́pò oògùn.

"Akọ̀wé! O ò gbà, o ò kọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ni, Ìyá."

Lọ́jọ́ kejì, kò gbé fùláàsì wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ga. Ó yọ oògùn tó ti pa tì jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní, "Ẹ bù mí lómi."

Bóyá obì ṣe é lóore, n kò lè sọ. Ojú mi ló ṣe tó gbé oògùn náà mì.