Ẹ̀rọ Omi Abẹ́ Igi Máńgòrò

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní àdúgbò Totsi ni mo ti ṣiṣẹ́ títí irun fi funfun lórí mi. Ìgbálẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo gbọ́ èdè Mina, mo gbọ́ Yorùbá, mo sì ń sọ Faransé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí n máa gbé àwọn ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Bí ìyá kan kò bá gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ sílé rẹ̀. N kì í bá a jà. Màá jókòó, màá bá a ṣa ẹ̀wà, títí yóò fi fúnra rẹ̀ sọ ohun tó dá a dúró.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó lọ sí Légbassito lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọmọ mi kọ́lé sí. Èrò mi ni pé n ó máa gbin ata mi jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ní kí n wá ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àdúgbò. Mo ní n kò kàwé. Wọ́n ní akọ̀wé wà, ẹni tó lè máa wọ ilé dé ilé ni àwọn ń wá.

Omi la kọ́kọ́ tọrọ. A lọ, a bọ̀, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ omi kan kalẹ̀ fún wa lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní oríta. Àwa ìgbìmọ̀ la yan ibẹ̀, nítorí pé ibòji wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí omi yọ, a jó.

Àwọn obìnrin Ewe, àwọn ọmọ onílẹ̀, ń wá pọn omi. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé tiwa, àwa tí àwọn bàbá wa ti Nàìjíríà wá, tí a sì pọ̀ ní àdúgbò yẹn, a kò rí wọn. Kànga àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lọ, kànga tí omi rẹ̀ ń fún àwọn ọmọ ní inú rírun. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi ní ọ́fíìsì ìlú wá wò ó, ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

"Màmá, àdúgbò mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ yìí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí ó ṣì rí báyìí, a ó tú u lọ fún wọn."

Àwọn ará ìgbìmọ̀ ní kí a lọ dí kànga. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè. Mo lọ bá ìyàwó kan tó máa ń gba iwájú ilé mi lọ sí kànga. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Mo bá a ṣà á.

"Ṣé omi ẹ̀rọ yẹn kò dùn ni?"

"Ó dùn, Màmá."

"Àbí ọkọ ẹ ló ní kí o má lọ?"

"Rárá o. Òun gan-an ló ń bá mi jà." Ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Láti àárọ̀ ni àwọn bàbá ti jókòó lábẹ́ igi yẹn. Bí mo bá ń lọ, mo kúnlẹ̀ kí wọn, kò burú. Tí mo bá ti gbé omi rù ńkọ́? Bí mo bá kúnlẹ̀, omi á dà. Bí n kò bá kúnlẹ̀, wọ́n á ní ilé wo ni wọ́n ti mú eléyìí wá. Ìyá ọkọ mi á ti gbọ́ kí n tó délé."

Òótọ́ ni. Àwọn obìnrin Ewe ń fi ẹnu kí àwọn bàbá náà kọjá, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Nínú àwa tí a yan ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣì ń ru omi.

Ní ọ̀sán, mo lọ bá àwọn bàbá nídìí káàdì tí wọ́n ń ta. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, télọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Olórí ìgbìmọ̀ dé. Kí lẹ tún fẹ́ wó?"

Mo sọ fún wọn pé ọ́fíìsì ìlú fẹ́ tú ẹ̀rọ lọ, mo sì sọ ohun tó ń dá àwọn ìyàwó dúró.

"Ọ̀lẹ ni wọ́n," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ìyá mi a máa ru omi kúnlẹ̀, kò ní kán sílẹ̀."

"Ìwọ tí o máa ń sùn títí oòrùn fi ń ga," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn, "níbo lo ti rí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, ọmọ-ọmọ yín tí inú ń run lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi wo ló mu?"

Ó to káàdì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fẹ́ ká kó kúrò níbí ni?"

"Rárá. Ibòji yín ni. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹni tó bá ru omi, ẹnu ni kó fi kí yín. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń ba ìyàwó ilé jẹ́. Ẹ̀yin lẹ lè yọ̀ǹda."

"Màá rò ó."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ lójúde nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Télọ̀ lábẹ́ igi. "Ìyàwó, ìwọ tó ń lọ sí kànga. Padà wá síbí." Ìyàwó tí mo bá ṣa ẹ̀wà ni. Ó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Bàbá ní kó pọn omi. Ó pọn ọ́n, ó gbé e rù, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀.

"Dúró bẹ́ẹ̀. Ẹrù ló wà lórí ẹ. Fi ẹnu kí mi."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀. Lọ sọ fún àwọn tó kù pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti rí ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, obìnrin ọ́fíìsì náà padà wá. Garawa tò débi pé ó ní láti dúró kó tó lè fojú kan ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní kí a wá ibi tí wọn yóò gbé èkejì sí. Mo ní kó fún wa láyè díẹ̀, pé àwọn ìyàwó tó ń ru omi ni yóò yan ibẹ̀, wọn ó sì mú ìgbìmọ̀ lọ wò ó lọ́la.