Ajá Nìkan Kọ́ Ló Pa Veronica

Veronica Fúnmiọlá, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní Ute, ti kú. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ omi tútù kún àmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ife omi sún mọ́ ọn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dì, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Atẹ́gùn lásán láti ojú fèrèsé ń mú un kígbe. Orí rẹ̀ ṣì pé, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó sọ fún Boniface ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá Àgàtà, gbé ọmọ jáde, kí n má baà gé e jẹ.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ tó yé wọn nìyẹn.

Níbi tí pàṣán ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin yìí kò na ọmọ rí. Ọmọ tó bá ṣi ìṣirò, á ní, “Ó kù díẹ̀ kó o gbà á. Tún un ṣe.” Àwọn ọmọ náà á sì tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò ọdún 1956 yìí, ajá ọdẹ Olóyè Olúgbádé, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú wa, já wọ ọgbà ilé-ìwé. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Àwọn ọmọ figbe ta. Veronica kò sá. Ó ju ìborùn rẹ̀ bo ajá lórí, ó sì dì í mọ́lẹ̀ títí gbogbo ọmọ fi wọlé. Ajá gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́, ó já gbà, ó gba ọ̀nà ìlú Afo lọ.

Ṣé wọn kò mọ̀ pé ajá náà ti ya dìgbòlugi ni? Wọ́n mọ̀! Ó ti bu ewúrẹ́ ìyá kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ẹ́bí jẹ ṣáájú, ìyá náà sì fẹjọ́ sun wolé-wolé. Kí ni wolé-wolé wí? “Ìyá, ajá olóyè kì í ṣe ajá ìgboro.” Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tó ń wá tanwíjí kiri inú àmù àwọn opó, kò lè yọjú sí àgbàlá olóyè.

Boniface gbé ìyàwó rẹ̀ dé dìsípẹ́ńsárì.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà fún ẹni tí ajá dìgbòlugi bá gé jẹ.”

Dìsípẹ́nsà fi oògùn pupa kun ojú egbò. “Ọ̀sìbítù ńlá ni wọ́n ti ń gún un. Màá bá yín ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ fọkàn balẹ̀, egbò náà kéré.”

Kò ránṣẹ́. Egbò jinná, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn oṣù kan ó lé, ojú àpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ikú ti wọlé.

Níbi ìsìnkú, Olóyè Olúgbádé dìde, ó ní Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Olóyè, ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ará ilé, inú itọ́ ni àrùn yìí wà. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò lójú ẹsẹ̀, kó fọ̀ ọ́ pẹ́, kó sì wá abẹ́rẹ́ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má retí kí ara kọ́kọ́ dun òun. Bí ìbẹ̀rù omi bá ti dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ajá pàápàá ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àrùn yìí mú un. Ta ló sọ èyí fún Ute rí?

Wọn kò tíì rí ajá olóyè títí di òní. Ta ló mọ iye ajá tó ti gé jẹ? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá mìíràn bu obìnrin kan tó ń jẹ́ Theresa jẹ lóko ní Afo. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ fọ egbò, wọ́n gbé e sínú lọ́rì lọ sí ọ̀sìbítù kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́. Ó ṣeé ṣe, àbí kò ṣeé ṣe?

Kí Olóyè Olúgbádé, wolé-wolé àti dìsípẹ́nsà jáde síwájú àwọn ará Ute, ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n sọ ìdí tí kò fi ṣeé ṣe fún Veronica. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó gbé ipò ìlú sílẹ̀ fún ìlú.