Ìrun Òru Kásírì Oníbúrẹ́dì

Ẹ dúró, ẹ gbọ́ eléyìí ná! Bí ẹ bá ń lọ síbì kan, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ Kásírì kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró.

Kásírì ló ń yan búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò wa létí odò ní ìlú Sirinágà, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń dáná ààrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní àsìkò ìkórè, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìyá yẹn kì í fi ìrun òru ṣeré. Gbogbo òru ló fi ń bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò wá máa bẹ̀bẹ̀ fún ìyá náà ní sàréè? Kásírì rí i pé òun a máa jí fún ìyẹ̀fun, òun kì í jí fún Ọlọ́run. Ojú tì í gan-an ni. Ló bá pinnu pé nínú ogójì ọjọ́ òtútù ńlá, nígbà tí yìnyín ń bo òrùlé tí òru sì gùn, òun yóò sọ ìrun òru di àṣà.

Nígbà tó sọ fún Múkítà, ìyàwó rẹ̀, tíì oníyọ̀ tí ìyẹn ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá Sháísítà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá ọgbà ewébẹ̀ lọ́dún èṣí, tó jẹ́ pé koríko la kórè?"

"Eléyìí yàtọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ jáwọ́ nínú tábà."

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó fi omi dídì ṣe àlùwàlá, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn gbá-gbá-gbá. Ó kí ráká mẹ́jọ, gígùn-gígùn. Ó wá jókòó ti tẹ̀sùbáà, ó gbé ìkòkò ẹyín iná tí wọ́n fi ń yára sábẹ́ ẹ̀wù ńlá rẹ̀, ó ní kí òun di ojú díẹ̀. Ìgbà tó máa lajú, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ààrò tutù, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà.

"Kásírì! Ṣé yìnyín la fẹ́ fi mu tíì lónìí ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹni mímọ́ ti dé àdúgbò wa, ẹni mímọ́ kì í po ìyẹ̀fun!"

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí òun kọ́kọ́ wo ìyẹ̀fun ná. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹ̀fun kì í tètè wú nínú òtútù? Ó ń pò ó, ó ń lù ú, ó ń kó igi sí ààrò, ládàánì sì pe ìrun àsùbáà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin, títí dé ọjọ́ kẹfà. Ìyẹ̀fun ló ń jẹ ìrun!

Baba Sónáúlà, arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, wá ra búrẹ́dì lọ́jọ́ keje, ó rí i pé Kásírì fajú ro. Kásírì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá fẹ́ dáná, ṣé gbogbo igi lo máa ń kì bọ ààrò lẹ́ẹ̀kan?"

"Rárá o, Baba. Iná á kú."

"Kí lo fi ń ṣáájú?"

"Èérún igi."

"Ó dáa. Ráká méjì kúkúrú, kó o tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun. Àti pé, ààrò tó gbóná mọ́jú, ṣé kò gba ìkòkò omi kan ni?"

Kásírì lanu sílẹ̀. Ogún ọdún! Ọgbọ́n yẹn ò wá sí i lọ́kàn rí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ri ìkòkò bàbà mọ́ inú eérú gbígbóná. Lóru, omi náà lọ́ wọ́rọ́ bíi wàrà tuntun. Ó kí ráká méjì, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò tíì dìde lórí ẹní tí ilẹ̀kùn fi dún.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá ìmọ̀ràn mi gbóná," ni Baba Sónáúlà wí, kẹ́tùrù lọ́wọ́.

Láti òru yẹn, Baba ń kanlẹ̀kùn wá gba omi, ìkànlẹ̀kùn yẹn ló sì ń jí Kásírì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn. Ṣé Ọlọ́run ni òun ń dìde fún ni, àbí Baba?

Ní òru kọkànlélọ́gbọ̀n, yìnyín já bọ́ débi itan. Ojú Kásírì là nínú òkùnkùn. Ó tẹ́tí títí. Kò sẹ́ni tó kan nǹkan kan.

"Baba ò wá," ni Múkítà wí lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Mo gbọ́."

"Ẹ yáa sùn. Ta ló máa mọ̀?"

Kásírì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í mú. Lóòótọ́, ta ló máa mọ̀? Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì. Ó wá jókòó, ó ta ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

Ó ṣe àlùwàlá, ó kí ráká méjì rẹ̀. Nígbà tó sálámà tán, ó bu omi sínú kẹ́tùrù, ó fi ṣọ́bìrì lànà la yìnyín kọjá. Ó gbọ́ ikọ́ nínú ilé Baba.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Kásírì ni. Omi yín rèé."

"O ti kírun?"

"Mo ti kí."

"Ta ló jí ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Baba."

Baba ṣí ilẹ̀kùn. "Alihamudulilahi. Ó yá, gbé omi wọlé, má dúró síbẹ̀ kó o máa yọ̀ bí ìyàwó tuntun."

Ogójì ọjọ́ ti parí tipẹ́, Kásírì ò dáwọ́ dúró, omi gbígbóná rẹ̀ sì ti di ti gbogbo àdúgbò. Ẹ ní mo ń bù mọ́ ọn? Ó dáa! Ẹ gba ọ̀nà etí odò lọ kí wọ́n tó pe àsùbáà, kẹ́ ẹ mú kẹ́tùrù yín dání, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i.