Ọwọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kúrò Nínú Omi Gbígbóná

Ọdún tí òjò wó ògiri ilé aró wa ní Ìjemọ̀ ni mò ń sọ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, ọmọ ọmọ mi. Èmi ò mọ̀wé. Àkọ́bí mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Àdìrẹ alábẹ́là ni mò ń ṣe: bí aṣọ bá ti mu aró tán, a ó rì í bọ omi gbígbóná kí àbẹ́là ara rẹ̀ lè yọ́ kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ò kúrò nínú omi náà.

Ìyá ọkọ mi pọn ọmọ wá bá mi. "Ìyàwó, ara ọmọ yìí gbóná."

Mo nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo fi kan ọrùn rẹ̀. Ó tutù lọ́wọ́ mi. "Ìyá, nǹkan kan ò ṣe é. Ooru ẹ̀yìn yín ni."

"Ẹ̀yìn yìí náà ló pọn ọkọ ẹ dàgbà, kò sì jó o."

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí aṣọ, torí oníbàárà mi láti Ìtòrì ti ń dúró. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàárì, gìrì ti mú ọmọ. A gbé e dé ilé ìwòsàn, kò bá wa padà wálé.

Nígbà Iléyá tó kọjá, o mú ìyẹ̀fun inú ìgò wá láti yunifásítì. O tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ń tàn bí ewé tuntun. O ri ìgò náà bọ omi gbígbóná, àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. O ní wọ́n lè fi irú rẹ̀ sínú ẹran ara, kí ènìyàn wà lóde, kí ó fi àwọ̀ mọ bí inú ṣe gbóná tó.

"Ṣé wọ́n ti fi sára ọmọdé?"

"Rárá o, Màmá Àgbà. Eku ni wọ́n ṣì fi ń dán an wò."

Mo di ìgò náà mú títí ó fi tutù. Àwọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo lè wo aṣọ lókèèrè kí n mọ iye ìgbà tó wọ aró. Ká ní ọrùn ọmọ mi lè yí àwọ̀ ni, ǹ bá ti rí i. Títí dòní, bí omi bá ti ń gbóná, ọrùn yẹn ni ọwọ́ mi ń wá.

Nígbà tí o padà síléèwé, mo pe àwọn ọmọ mi jọ, ìyá ẹ náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti ń gbọ́ pé ibà òjijì ló pa ẹ̀gbọ́n yín. Kì í ṣe òjijì. Ìyá bàbá yín sọ fún mi. Ọwọ́ mi ló gbóná ju ara ọmọ lọ, mi ò sì dúró kí ó tutù kí n tún fi kàn án."