Léètì Tí Mo Lọ Wò ní Ofosu

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe tọ́nà ní Èkó kógbá wọlé, mo kó ẹrù mi padà sí Ìdànrè, mo sì fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Òdòde kí n lè rí ibi ṣiṣẹ́. Tọ́nà ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin. Ẹ̀rọ náà á di irin mú, á máa yí i bìrìbìrì, ọ̀bẹ tó le ju irin náà lọ á sì máa fá a títí yóò fi rí bí a ṣe fẹ́ kó rí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé n kò ní ẹ̀rọ.

Fáìsì kan, irin tó ń fi ẹnu di nǹkan mú, tí mo dè mọ́ tábìlì ni mo ní, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń lu ihò sára irin, àti ayùn ọwọ́. Àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí kòkó wá bá mi. Àwọn ọlọ́kadà ń wá, àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ náà ń wá. Bí ohun tó bàjẹ́ bá ti ń fẹ́ léètì, màá dì í sínú àpò, màá wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlòmíràn, màá sì máa wò ó bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ èmi náà mọ̀. Bí mo bá fi máa délé, ẹ̀yìn á ti máa ro mí bíi pé mo gbé àpáta.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlòkù nìyẹn, nítorí irú mi kì í dábàá tuntun. Ẹni tí kò bá wá ẹ̀rọ àlòkù rí kò lè mọ bó ṣe ń rẹni. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi ń kí ènìyàn káàbọ̀. Oníṣòwò kan ní Àkúrẹ́ fọwọ́ lu èyí tó fẹ́ tà fún mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ wò ó bó ṣe ń dán." Mo ní dídán kọ́ ni mo wá rà. Mo fi èékánná ra ojú irin gígùn tí ọ̀bẹ ń rìn lórí rẹ̀, lápá ibi tí iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ jù, èékánná mi sì kọsẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti jẹ kòtò sára. Mo lọ wo òmíràn ní Owena. Ẹni tó ni ín búra pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò síná tí a óò fi dán an wò, nígbà tí mo sì tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti yọ mọ́tò inú rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níléèwé, wò mí níjọ́ kan tí mo ń bọ́ bàtà, ó ní, "Dádì, ká ní oko kòkó lẹ ń fi ẹsẹ̀ yìí rìn lọ, à bá ti máa kórè."

Síbẹ̀ òun náà ló gbọ́ ìròyìn Ofosu wá fún mi. Olùkọ́ kan níléèwé wọn ní ìyá ọkọ kan tó jẹ́ opó níbẹ̀. Ọkọ ìyá náà ti fìgbà kan máa ń tún ẹ̀yà ara agbégilódò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin, léètì rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láti ìgbà tó ti kú.

Mo gba Oǹdó àti Orè lọ. Ìyá náà ti ń dúró dè mí lábẹ́ páànù. Ó ṣí tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Kò sí ọ̀dà tuntun lára rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣí níbi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti máa ń gbà á mú. Mo fi èékánná ra ojú irin rẹ̀, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Kò síná, nítorí náà mo fi ọwọ́ yí i. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dún.

Mo bi í pé, "Màmá, ta ló ń tọ́jú rẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ni. Ọkọ mi ní kí n má jẹ́ kó dógùn-ún. Mo máa ń fi ìrépé aṣọ ti ọ́ìlì bọ inú àwọn kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù ti wá títí, wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀n rà á bí irin yẹpẹrẹ. Mo lé wọn. Ẹni tó máa lò ó ni mo fẹ́ tà á fún."

Iye tó dá lé e kéré débi pé ojú tì mí láti dúnàá dúrà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀, ó kọ̀. "Gbé ọkọ̀ wá ná, ọmọ mi. Níjọ́ tí o bá gbé e ni o ó sanwó."

Ọkọ̀ ló wá di wàhálà. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí agbára ènìyàn lè gbé, ó ń fẹ́ ọkọ̀ tó ní kéréènì tó ń gbé ẹrù sókè. Ọlọ́kọ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́ ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ kan. Nígbà tó dé, òjò dé. Ó ní ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á gbé táyà òun mì. Mo ń pe ìyá náà lórí fóònù, ó ń sọ fún mi pé kí n má kánjú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun ló pè mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àbúrò ọkọ mi ti kó àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù wá. Mo ní kó dúró, kò gbọ́."

Mo wọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti Orè lọ, mo ti ń sọ fún ara mi pé irin kì í rọrùn gbé, pé màá bá a nílẹ̀. Mo bá a nílẹ̀ lóòótọ́. Irin tí a yọ́ dà ni ara léètì, kì í tẹ̀. Bí a bá lù ú, ńṣe ló ń fọ́ bí ìkòkò. Wọ́n ti fi òòlù ńlá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí ó lè ṣeé gbé sínú ọkọ̀. Ibi tó fọ́ sí ń tàn yinrin, bíi ṣúgà.

Àbúrò olóògbé jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹgbẹ́ mi ni, irun rẹ̀ sì ti funfun. Ó mọ ẹni tí mo jẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi ní Benin, wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án láìsanwó. Ẹ̀yin kò tíì dé. Àwọn yìí ti dé."

Mo wá ìbínú nínú ara mi, n kò rí i. Ó ti rẹ̀ mí jù. Mo bi í pé báwo lara ọmọ náà. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn ò tíì jáde. Mo jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù, mo ra ẹnu ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn, ibi tó ń fi eyín di irin mú, torí wọn kò tíì fọ́ ọ. Ìwọ̀n ni wọ́n fi tà á fún mi, bí ẹni ń ta iṣu. Nínú gbogbo ọjà tí mo ti rà rí, n kò rí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i. Ìyá náà wọlé, ó gbé àpótí kékeré kan jáde, àwọn ọ̀bẹ tí ọkọ rẹ̀ fi ń gbẹ́ irin ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n máa kó wọn lọ.

Mo ní, "Màmá, kí ni kí n san?"

"Kí ni èmi fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Ó padà sẹ́yìn ilé, kò sìn mí dé ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo padà lọ bá oníṣòwò Àkúrẹ́, mo ra èyí tó jẹ kòtò yẹn, mo sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ ohun tí mo ń rà. Ó dín in kù fún mi. Mo de ẹnu ẹ̀rọ tí mo rà ní Ofosu mọ́ ọn, ọ̀bẹ olóògbé ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí irin bá kúrú, mo lè gbẹ́ ẹ kó dára. Bó bá gùn, ọ̀bẹ á bọ́ sínú kòtò náà, iṣẹ́ á sì wọ́. Àwọn tó gùn, mo ṣì ń dì wọ́n sínú àpò lọ sí Àkúrẹ́.

Àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ léètì náà lọ́wọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó bi mí pé ṣé kò ní tètè jẹ. Mo ní bó bá jẹ, kó gbé e padà wá. Ó fi í sápò, ó lọ. Iná ti lọ kí n tó gbálẹ̀ tán. Mo fi tapólì bo ẹ̀rọ náà, mo wọlé lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀.